Ìwákọ, Oyún àti Ìbí nínú Agbo Màlúù: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí láti Ìlárá

Ìlárá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Kétu tí ó wà létí ààlà Nàìjíríà àti Benin, ní ìhà Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó ya Kétu, olú-ìlú wọn, sí ọwọ́ Faransé, tí Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú ti tú iṣu ìtàn náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1976 nípa ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìṣàkóso àwọn Òyìnbó. Apá kan ṣoṣo ni àyẹ̀wò yìí dá lé: ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ nígbà tí àgbẹ̀ tí ń sọ Yorùbá, darandaran tí ń sọ Fúlàní, àti oníṣègùn ẹran tí ó kàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé bá pàdé lórí màlúù kan tí ó ń rọbí.

Orúkọ ẹran náà fúnra rẹ̀ ti kó ìdààmú bá wọn. Màlúù kékeré tí kò ní iké, tí ó ti wà ní ìhà gúúsù láti ayébáyé, tí ó sì lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran, Muturu ni àwọn ìwé Nàìjíríà ń pè é, orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Haúsá. Ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní etí ọ̀sà ilẹ̀ Benin, Lagune ni àwọn ìwé Faransé ń pè é. Nígbà tí ẹran aláìníké bá pàdé màlúù funfun oníké ti àwọn Fúlàní, tí Haúsá ń pè ní Bunaji, ìran tí ó ti àárín wọn jáde ń jẹ́ Keteku nínú ìwé Nàìjíríà. Nínú ìwé ilẹ̀ Benin, níbi tí oko ìjọba ní Okpara lẹ́bàá Parakou ti sìn ín, Borgou ni ó ń jẹ́. Ẹran kan náà nìyẹn. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ààlà ní òwúrọ̀, orúkọ rẹ̀ ti yí padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Yorùbá ni àwọn ará Kétu ń sọ ní ìhà méjèèjì. Aláìníké, oníké àti oníké-kékeré ìbá tó wọn lò nínú ìwé ẹ̀kọ́ kan náà, nítorí pé ohun tí ojú rí ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ.

Kí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú? Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ 17 ti ìhà gúúsù Nàìjíríà fẹnu kò ní Asaba pé kí dída ẹran jẹ̀ kiri ní gbangba dópin. Ohun yòówù tí ènìyàn lè rò nípa ìpinnu náà, ohun kan dájú: bí agbo bá ń dúró sójú kan, ẹni tí ó ni ín ni yóò máa yan akọ, òun ni yóò máa ka ọjọ́ oyún, òun náà ni yóò sì máa gbẹ̀bí ẹran. Nínú gáà, ìmọ̀ yìí wà ní èdè Fúlàní, ó sì péye. Nagge ni abo, ngaari ni akọ, wiige ni ẹgbọ̀rọ̀ abo tí kò tíì bímọ. Okùn tí wọ́n ń so àwọn ọmọ màlúù mọ́ kí wọ́n má baà mu ọmú tán kí a tó fún wàrà, daangol ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Yorùbá tí ó fẹ́ sin màlúù ní Ìlárá kò ní irú àkójọ ọ̀rọ̀ báyìí nínú ìwé kankan tí ó lè rà. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ṣe bẹbẹ fún ẹ̀kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Ti ẹran ọ̀sìn kọ́ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ti àkókò tí abo bá fẹ́ akọ. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àkókò yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ń lò fún ooru iná, bákan náà ni ti Faransé. Atúmọ̀-èdè tí ó bá tẹ̀ lé wọn yóò kọ ọ́ pé ‘ara màlúù náà gbóná’. Létí Yorùbá, ibà ni ara gbígbóná. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ ọ yóò wá àgbo tàbí abẹ́rẹ́ fún ẹran tí ara rẹ̀ le koko, ọjọ́ tí ó yẹ kí ó mú un lọ bá akọ yóò sì ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá arúgbó tí ń sin ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé kò ṣàìmọ ohun tí yóò sọ: ‘ewúrẹ́ yìí ń wá akọ.’ Láti inú gbólóhùn yìí ni ìwákọ ti lè jáde láìsí wàhálà, kí ìgbà ìwákọ àti ìyípo ìwákọ sì tẹ̀ lé e.

Abo tí ó ń wá akọ kì í fara balẹ̀. Ó ń ké, ó ń gun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, omi yíyọ̀ tí ó mọ́ gaara ń jáde lábẹ́ ìrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì tí ó dájú jù ni pé ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ bí ẹran mìíràn bá gùn ún. Ìdúró-fún-akọ ni ó yẹ kí á pe àmì yìí. Wákàtí díẹ̀ ni ó ń gbà, nígbà mìíràn kì í ju 10 lọ lára màlúù oníké, òru ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Bí ó bá kọjá láìgba oyún, ó di nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ó tó tún padà.

Níbi kíka ọjọ́ yìí, ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra. Ìṣirò àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ọjà tí ń padà ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọjọ́ márùn-ún. Bí ìwé bá sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó padà wo abo náà ‘ní ọjọ́ kọkànlélógún’, ọjọ́ kan yóò ti dín nínú kíkà rẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí á fi ọjà kà á. Abo tí ó wá akọ ní ọjọ́ ọjà, kí á ka ọjà márùn-ún sí iwájú: ọjọ́ 20 nìyẹn. Ọjọ́ kejì ọjà karùn-ún ni kí olówó ẹran má ṣe sùn.

Ohun tí akọ ń ṣe fún abo ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, gùn, àwọn olùkọ́ kan sì máa ń tijú rẹ̀. Ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ó yẹ ọmọ ènìyàn; lára màlúù, ẹ̀rín ni ó ń pa ènìyàn. Kí wọ́n kọ ìgùn, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i, kí ẹni tí ń kà á má baà rò pé igún ẹyẹ tàbí igun ilé ni. Gígùn kò dára tó, nítorí pé ‘gígùn màlúù’ lè jẹ́ bí ó ti gùn tó láti orí dé ìdí. Níbi tí oníṣègùn bá ti ń fi ọwọ́ gbé àtọ̀ akọ sínú abo, ìfàtọ̀sí kúrú, ó sì yé ènìyàn.

Ẹgbọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó tún gba àròjinlẹ̀. Àwọn tí ń ka Bíbélì mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n nínú Bíbélì kan náà ni ó ti ń dúró fún ọmọ màlúù kékeré àti fún ọ̀dọ́ akọ tí ó tó rúbọ. Nínú ìwé ìsìn, kò sí ewu níbẹ̀. Nínú agbo, ewu wà. Bí akọ bá gun abo tí kò tíì tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwọ̀n ara tí yóò ní nígbà tí ó bá dàgbà tán, egungun ìbàdí rẹ̀ kì í gba ọmọ kọjá nígbà ìrọbí. Ó yẹ kí ọmọ màlúù dúró fún èyí tí ń mu ọmú, kí á sì fi ẹgbọ̀rọ̀ abo sílẹ̀ fún èyí tí a ti já lẹ́nu ọmú tí kò tíì bímọ. Nínú agbo àwọn darandaran, ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́ta àbọ̀ tàbí mẹ́rin kí ẹgbọ̀rọ̀ abo tó bí àkọ́bí rẹ̀, nígbà tí koríko kò bá sì tó, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oyún màlúù gba nǹkan bí ọjọ́ 283, ti oníké a sì máa pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí abo kan bímọ lọ́dọọdún, kí ó yọ 283 kúrò nínú 365. Ọjọ́ 82 ni ó kù. Nínú ọjọ́ 82 yìí ni ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ ti san, kí ìwákọ ti padà, kí akọ ti gun abo, kí oyún sì ti dúró. Ìwákọ kan tí ó bá fò ó mú ọjọ́ 21 lọ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ń mu ọmú ní gbogbo ìgbà àti koríko gbígbẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ń fa ìwákọ sẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í ṣe ohun ìyanu nínú agbo darandaran kí ọdún kan àbọ̀ kọjá láàárín ìbí méjì. Àlàfo ìbí ni ó bá èyí mu. Àwọn kan lè fẹ́ lo ìfètòsọ́mọbíbí, ṣùgbọ́n màlúù kò fètò sí ohunkóhun. Olówó rẹ̀ ni ó yẹ kí ó fètò sí i.

Oyún tí ó bá bàjẹ́ ń fẹ́ ìṣọ́ra ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe oyún tí ènìyàn mọ̀-ọ́n-mọ̀ bà jẹ́ àti èyí tí ó wá fúnra rẹ̀ lára ẹran. Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ́yún ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí oyún rẹ̀ wálẹ̀, àdánù ni ó bá a. Àrùn kan wà tí kòkòrò tí Bernhard Bang rí ní ilẹ̀ Denmark ní ọdún 1897 ń fà, tí ó máa ń já oyún màlúù sílẹ̀ nígbà tí ó bá ti dàgbà ní oṣù karùn-ún síwájú. Bí a bá pè é ní ‘àrùn ìṣẹ́yún màlúù’, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu darandaran ni pé ta ni ó ṣe é. Níbi tí àgbẹ̀ àti darandaran ti ń fura sí ara wọn lórí oko tí ẹran jẹ àti omi tí ẹran mu, ọ̀rọ̀ kan báyìí tó dá ìjà sílẹ̀. Àrùn ìwálẹ̀-oyún ni kí á pè é. Kí ìwé sì fi kún un kíákíá pé àrùn náà ń ran ènìyàn, nípa omi ìbí, nípa olóbi àti nípa wàrà tí a kò sè, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé ọmọ tí ó wálẹ̀.

Ìrọbí ni ibi tí Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù, òun náà sì ni ibi tí ọrọ̀ yìí ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ṣáájú kí ilé ìwòsàn tó dé ni àwọn agbẹ̀bí ti ń wo bí ọmọ ṣe ń bọ̀, tí wọ́n sì ń fi í sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ó fi ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Èyí tí ó dojú bolẹ̀, Àjàyí ni. Èyí tí ìwọ́ rẹ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn, Òjó ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná ni bí ó bá jẹ́ obìnrin. Èyí tí ó wà nínú àpò rẹ̀ tí kò fọ́, Òkè ni, Ọmọ́pẹ́ sì ni ẹni tí ó kọjá oṣù rẹ̀. Olùkọ́ tí ó fẹ́ fi ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ kò ní rí àpẹẹrẹ tí ó dùn ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n màlúù kì í ṣe ènìyàn. Bí ọmọ màlúù bá ń bọ̀ ní ọ̀nà tí ó tọ́, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ, imú yóò sì wà lórí wọn bí ẹni tí ó fẹ́ bẹ́ sómi. Ikùn rẹ̀ àti ojú rẹ̀ a sì kọ sí ilẹ̀ bí ìyá rẹ̀ bá dúró. Èyí ni pé ọmọ màlúù tí ìbí rẹ̀ dára, Ìgè ni, Àjàyí sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí kò mọ̀ ju ti ènìyàn lọ yóò rí ẹsẹ̀ tí ó yọ, yóò figbe ta pé ọmọ dábùú, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà sínú ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò ní àìsàn kankan lè ti ibẹ̀ kú.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó wà lẹ́nu agbẹ̀bí màlúù ni pé ẹsẹ̀ wo ni? Àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ó bá kọ sí ilẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá kọ sí òkè, kí ó fura sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kí ó tún fi ọwọ́ tọ ẹsẹ̀ náà lọ sókè: oríkèé méjì àkọ́kọ́ lára ẹsẹ̀ iwájú ń ṣẹ́ sí ọ̀nà kan náà, ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń ṣẹ́ sí ọ̀nà tí ó tako ara wọn. Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta fi yẹ níbi tí Ìgè kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ fún ènìyàn. Ìforíjáde ni kí ó dúró fún ti ẹsẹ̀ iwájú àti orí. Ìfẹ̀yìnjáde ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì; ọmọ lè yè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ́ máa ń há mọ́ egungun ìyá nígbà tí orí ọmọ ṣì wà nínú, nítorí náà kò gbọdọ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìfìdíjáde ni èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ká sábẹ́ ikùn, tí ó jẹ́ pé ìrù nìkan ni ọwọ́ ń bà. Èyí burú jù, nítorí pé ìyá lè má rọbí kíkankíkan, kí olówó rẹ̀ sì rò pé àkókò kò tíì tó. Bí wákàtí 2 bá kọjá lẹ́yìn tí àpò omi ti fọ́ tí ìbí kò sì tẹ̀ síwájú, kí wọ́n ránṣẹ́ pe oníṣègùn ẹran, ìbáà jẹ́ ti ìhà Nàìjíríà tàbí ti ìhà kejì. Ní ti Òkè, orúkọ náà bá màlúù mu bí ó ti wà: kí á ya àpò náà kúrò ní imú ọmọ lójú ẹsẹ̀, kí ó lè mí.

Lẹ́yìn ìbí, olóbi a máa jáde láàárín wákàtí 12. Bí kò bá jáde, àìbọ́-olóbi ni, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á tàbí kí ó so òkúta mọ́ ọn.

Wàrà àkọ́kọ́ tún fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń darí ọwọ́. Omi ọmú tí ó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti èso ìyeyè, ni abo ń fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ènìyàn ti gba díẹ̀ nínú ohun ìdáàbòbò ìyá rẹ̀ kí a tó bí i. Ọmọ màlúù kò gba ohunkóhun, nítorí pé olóbi màlúù kì í jẹ́ kí ó kọjá. Inú wàrà yìí nìkan ni yóò ti rí i, pàápàá láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́. Bí ó bá fi di ọjọ́ kejì, ìfun rẹ̀ kò lè gbà á sára mọ́. Wàrà àkọ́fún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ rò, ní àpẹẹrẹ àkọ́so àti àkọ́bí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń fún wàrà. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé igbá lé olówó ẹran lọ́wọ́ kí ọmọ tó dìde. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé kí á da irú omi ọyàn bẹ́ẹ̀ nù nítorí àwọ̀ rẹ̀, yóò fún un dà sílẹ̀. Wàrà àkọ́mu dára jù. Ẹnu ọmọ ni ó wà nínú rẹ̀.

Ti akọ kò gùn. Akọ kan tó abo 25 sí 30. Àwọn tí kò bá wúlò fún ìran, kí á tẹ̀ wọ́n lọ́dàá, ìtẹ̀lọ́dàá sì ti wà nínú èdè tipẹ́. Akọ agbo kò yẹ kí ó pẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ kí ó má baà dé orí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìgùn-ẹbí ni èyí. Yorùbá tí ó mọ ohun tí èèwọ̀ ìbátan jẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí kò tíì rí ibùgbé. Màlúù kì í sábà bí ìbejì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá bí akọ àti abo pọ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì sábà máa ń pàdé nínú olóbi, ohun tí ó ń sọ akọ di akọ yóò sì bá abo lára tí ilé-ọmọ rẹ̀ kò fi ní dàgbà bí ó ti yẹ. Nínú irú abo bẹ́ẹ̀ 10, ó lé ní 9 tí kò ní bímọ láéláé. Frank Lillie ṣàlàyé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1916 sí 1917. Ní ilẹ̀ tí ìbejì jẹ́ ayọ̀ ńlá, àgbẹ̀ lè tọ́jú abo yìí fún ọdún mẹ́rin, kí ó máa retí ìwákọ tí kò ní dé, nígbà tí ó yẹ kí ó ti tà á. Àgàn-ìbejì tọ́ nínú ìtumọ̀, ṣùgbọ́n àgàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ń dun ènìyàn, kò sì yẹ kí ó so mọ́ ìbejì létí àwọn abiyamọ. Abo-alákọkejì, èyí tí a bí pẹ̀lú akọ, kò bú ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sọ pé ẹran náà kò ní bímọ. Àwọn olùkọ́ ìhà Yewa àti ti Kétu, tí wọ́n ń gbọ́ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń pe irú ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tí kò gba oyún, ni ó lè ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju méjèèjì lọ.